Iná Alímọ̀ṣọ́ àti Ọgbọ́n Tó Wà Nínú IC

  

Bí iná bá dé lálẹ́ ní Ìkọ̀tún, ohun méjì la máa ń gbọ́. Àkọ́kọ́ ni igbe àwọn ọmọ: "Ọ́ọ̀pù NEPA!" NEPA tó ti di PHCN láti 2005, tí ìjọba sì ti gbé lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Ikeja Electric ló ń pín iná fún wa ní Alímọ̀ṣọ́ báyìí, àmọ́ ọmọ wo ni yóò kígbe "Ọ́ọ̀pù Ikeja Electric"? Èémí ẹ̀ ò ní í gbé e. Ohun kejì tá a máa ń gbọ́ ni sìtébíláísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ firíìjì: kọ́! Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún dún: kọ́! Ìró kejì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, torí ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ ju bá a ṣe rò lọ.

Rìlé ló ń dún bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán rìlé ló ń jẹ́, kò mọ iye fóltì tó wọlé. Ẹni tó rán an wà lórí pátákó kékeré kan nínú àpótí irin yẹn. Ẹ lọ bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìkọ̀tún, kẹ́ ẹ ní kó tú ìdérí sìtébíláísà kan fún yín. Ẹ ó rí tìráńsífọ́mà ńlá tí wọ́n fi wáyà bàbà wé, ẹ ó rí rìlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ó wá rí nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan tó ní ẹsẹ̀ 14, méje lọ́tùn-ún, méje lósì. Lọ́pọ̀ ìgbà, LM324 ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní IC.

Iṣẹ́ tí IC yìí ń ṣe kò ju pé kó fi nǹkan méjì wéra lọ. Wọ́n bu díẹ̀ nínú iná tó ń wọlé, wọ́n sọ ọ́ di DC, wọ́n fi rẹ̀sísítọ̀ gé e kù sí fóltì díẹ̀, wọ́n sì gbé e fún ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kejì, fóltì mìíràn ni wọ́n gbé fún un, èyí tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá. Bí ti iná bá kéré sí èyí tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ yìí, IC á rán rìlé pé kó gbé iná sókè. Bó bá pọ̀ jù, á ní kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ wá dúró lórí fóltì kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó ní irọ́ ni, àwọn ka ohun tó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó lérò tó o ní Èkó, gbogbo wa la sì ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà bí ilẹ̀ bá ṣú. Lórí ìwé, 230 fóltì ni iná wa. Ládùúgbò tí èrò bá pọ̀ sí, nígbà tí onílé ń fa omi, tí ayálégbé ń lọ aṣọ, ó lè bọ́ sí 150, èyí tá a ń pè ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Bó bá dòru tí gbogbo ènìyàn sùn, ó lè gun 250 kọjá. Ẹ má tíì wá sọ ti wáyà néútírà tó bá já lórí òpó: ọ̀pọ̀ ilé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè dédé gba ohun tó sún mọ́ 400, torí fésì méjì ti wá ń gba inú ilé ara wọn kọjá. Ooru inú àpótí yẹn ńkọ́, tìráńsífọ́mà lápá kan, oòrùn ọ̀sán lápá kejì? Nínú gbogbo ohun tó ń yẹ̀ yìí, níbo ni ẹni tó ṣe IC ti rí èyí tí kò yẹ̀?

Kẹ́ ẹ sì wá wò ó, inú IC fúnra ẹ̀ ò dúró sójú kan. Bí wọ́n bá ní káwọn ṣe rẹ̀sísítọ̀ 1,000 óòmù sínú òkúta sílíkọ́nì, ó lè jáde ní 800, ó lè jáde ní 1,200. Èyí tí wọ́n ṣe lóṣù yìí lè yàtọ̀ sí tèyí tí wọ́n máa ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Tíránsísítọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ooru bá sì mú un, á tún yí padà. IC díjítà tó wà nínú kọ̀ǹpútà kò fi bẹ́ẹ̀ ka èyí sí, torí ohun tó ń béèrè kò ju "ṣé ó wà àbí kò sí" lọ. Àmọ́ irú LM324 yìí, tí wọ́n ń pè ní ánálọ́ọ̀gù, "mélòó ni" ló ń béèrè. Ìyàtọ̀ bíńtín lè sọ ìdáhùn ẹ̀ di irọ́.

Ọ̀kan lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé dénú ni ọmọ Amẹ́ríkà kan, Robert Widlar, tí wọ́n bí ní Cleveland ní 1937. Ilé-iṣẹ́ Fairchild ní California ló ti kọ́kọ́ lókìkí, kó tó lọ sí National Semiconductor. Ọ̀mùtí paraku ni, olóríkunkun sì ni. Ìgbà kan wà tí National ń dín owó ìnáwó kù, tí koríko iwájú ọ́fíìsì wá ń ga. Widlar lọ gbé àgùntàn kan wá, ó ní kó máa jẹ koríko níwájú ilé-iṣẹ́. Ariwo ta lọ́hùn-ún. Ní Ìgàndò lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tí ì bá yíjú wò ó.

Ohun tí Widlar rí ni pé rẹ̀sísítọ̀ kan lè parọ́, àmọ́ méjì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà, lórí òkúta kan náà, tí wọ́n sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, irọ́ kan náà ni wọ́n máa pa. Ìbejì ni wọ́n. Bí ooru bá mú Táyé, ó ti mú Kẹ́hìndé. Bí Táyé bá fi díẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, Kẹ́hìndé ti fi iye kan náà ga. O ò mọ bí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe ga tó, àmọ́ o lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n dọ́gba. Ẹni tó ń ya àwòrán IC kò wá gbọdọ̀ béèrè gíga ẹnì kan, kó fi ìfiwéra àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́. Rẹ̀sísítọ̀ tó lè fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀ nígbà tó dá wà, bí wọ́n bá ṣe é ní ìbejì, ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì lè má tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n fi rí fóltì tí kò yẹ̀. Fóltì tó máa ń wà láàárín béèsì àti ẹ̀mítà, méjì nínú ẹsẹ̀ tíránsísítọ̀, jẹ́ bíi 0.65. Bí ooru bá fi dígírì kan lé sí i, á fi nǹkan bíi mílífóltì méjì wálẹ̀. Ìyẹn ń wálẹ̀. Ẹ wá mú ìbejì tíránsísítọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì há nínú ọ̀kan ju èkejì lọ. Ìyàtọ̀ fóltì tó wà láàárín àwọn méjèèjì á máa gòkè bí ooru ṣe ń gòkè. Kékeré ni, àmọ́ rẹ̀sísítọ̀ ìbejì lè sọ ọ́ di ńlá, títí ìgòkè tiẹ̀ á fi tó ìwálẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Ohun tó jáde jẹ́ fóltì 1.2 àti díẹ̀, ooru kì í sì fi bẹ́ẹ̀ mì ín. David Hilbiber ti Fairchild ló kọ́kọ́ gbé èrò náà síta ní 1964. Widlar sọ ọ́ di ohun tó ṣeé kó sínú IC, ó sì tẹ àlàyé ẹ̀ jáde ní 1971. Paul Brokaw ti Analog Devices tún un ṣe ní 1974, ọ̀nà tiẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń tọ̀ dòní. LM317 tí gbogbo oníṣẹ́ wa mọ̀, 1.25 ló ń tọ́jú sínú. TL431 tó wà nínú páwà ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn àti ṣájà kọ̀ǹpútà, 2.5 ni tiẹ̀, ìlọ́po méjì.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n ṣe o. Wọn ò wá tíránsísítọ̀ tí ooru kì í mú, torí kò sí. Wọ́n wá àìlera méjì tó kọjú síra, wọ́n sì so wọ́n pọ̀. Èmi ò rí ohun tó dùn mọ́ mi tó yẹn nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹnì kan ti la irú ọ̀nà yìí ṣáájú wọn. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1927, Harold Black tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá odò Hudson lọ sí New York. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn tẹlifóònù sókè ti gba oorun lójú ẹ̀ láti ọdún pípẹ́, torí bí ohùn bá gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kọjá, á ti dàrú kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Àfi bí èrò ṣe sọ sí i lọ́kàn nínú ọkọ̀, ó sì kọ ọ́ sórí ojú ewé ìwé ìròyìn New York Times tó wà lọ́wọ́ ẹ̀: ṣe ẹ̀rọ tí agbára ẹ̀ pọ̀ ju ohun tó o fẹ́ lọ fíìfíì, kó o wá bu díẹ̀ nínú ohun tó ń jáde padà sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ̀rọ náà máa fi tún ara ẹ̀ ṣe.

Ẹ gbà mí láyè kí n ṣírò díẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, kò ní í pẹ́. IC kan wà tí wọ́n ń pè ní 741. Ìwé ẹ̀ sọ pé ó máa ń sọ ohun tó bá wọlé di ìlọ́po 200,000, àmọ́ ó lè jẹ́ 20,000 péré nínú èyí tó o rà. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ìyàtọ̀ yẹn! Ṣé irú èyí ṣeé gbára lé? Ẹ wá fi ọgbọ́n Black sí i, kẹ́ ẹ ní ìlọ́po mẹ́wàá péré lẹ ń fẹ́. Èyí tó dára á fún yín ní 9.9995. Èyí tó burú á fún yín ní 9.995. Kò sí tẹlifíṣàn tàbí rédíò tó máa mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Ìbejì wa wá nílò ìtọ́jú. Bí tíránsísítọ̀ alágbára kan bá ń gbóná ní igun kan òkúta yẹn, èyí tó sún mọ́ ọn nínú àwọn méjèèjì á gbóná ju ìkejì lọ, ìbejì ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, àwọn tó ń yà á máa ń gé ẹnì kọ̀ọ̀kan sí méjì, wọ́n á gbé ìdajì Táyé sápá òsì lókè, ìdajì Kẹ́hìndé sápá ọ̀tún lókè, kí wọ́n wá yí i padà nísàlẹ̀. Ibi tó wù kí ooru ti wá, ohun kan náà ló máa dé bá wọn. Wọ́n á tún ya àwọn kan tí kò níṣẹ́ kankan sí etí, kí ọ̀kankan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ má baà wà lẹ́bàá ìta. Ó ń náni lówó o, torí ààyè orí sílíkọ́nì lowó. Marcel Pelgrom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Philips tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1989 pé bí o bá fẹ́ dín ìyàtọ̀ ìbejì kù sí ìdajì, wàá fi ààyè wọn ṣe ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá ń ta IC lówó pọ́ọ́kú, ibẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ ń rẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ rìlé. Mo mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì nínú yín: iná dúró sí ibì kan nírọ̀lẹ́, sìtébíláísà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́kọ́kọ́kọ́kọ́, kò dúró, títí ẹnì kan fi lọ yọ ọ́ lára ògiri. Iná ti dé ẹnu ààlà ni. Bí ààlà bá jẹ́ 180 gééré, tí iná wà ní 180, bó bá fi díẹ̀ wálẹ̀, rìlé á ṣí, bó bá tún fi díẹ̀ gòkè, rìlé á padà. Láìpẹ́, ojú rìlé á jóná. Oògùn ẹ̀ jẹ́ rẹ̀sísítọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fa láti ibi tí IC ti ń sọ̀rọ̀ jáde wá sí etí rẹ̀, kí ààlà lè di méjì: bó bá ń lọ sókè, 185 ni kó tó yí, bó bá ń bọ̀ nílẹ̀, ó di 175. Láàárín méjèèjì, kó dákẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá yọ rẹ̀sísítọ̀ yẹn torí owó tí kò tó nǹkan, olè ni mo kà á sí, kì í ṣe oníṣòwò.

Ọgbọ́n kan kù tí mi ò gbọdọ̀ fò. Widlar fúnra ẹ̀ ló ṣe µA709 ní 1965, IC tó yá gan-an, àmọ́ bí wáyà bá ṣèèṣì fara kan ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ jáde, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Ó tún fẹ́ kí oníṣẹ́ fi kàpásítọ̀ sí i níta, bí kò bá rí i tó bó ṣe fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ní 1968, Dave Fullagar ní Fairchild ṣe 741. Kò fi bẹ́ẹ̀ yá, àmọ́ kàpásítọ̀ ẹ̀ ti wà nínú, bí wáyà bá sì fara kan ibi tí kò yẹ, á dín kọ́rẹ́ǹtì kù fúnra ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń gbọ̀n lè lò ó. Òun náà ló borí, wọ́n ṣì ń tà á dòní. Nígbà tí Widlar máa ṣe LM109 tó ń tọ́jú fóltì márùn-ún, òun náà ti kọ́gbọ́n: ó fi nǹkan sínú ẹ̀ tó ń wo ìgbóná, bó bá kọjá ààlà, IC á pa ara ẹ̀, bó bá tutù, á tún tan. 7805 tó wà káàkiri ìsọ̀ gbogbo ní Ẹgbẹ́dá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí rédíò tó ń kú tó ń jí lọ́sàn-án, ẹ má tíì ní àǹjọ̀nú ni.

Oníṣẹ́ ínfátà kan ní Ẹgbẹ́dá gbé IC méjì sí mi lọ́wọ́. LM324 ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó o." Ó rẹ òwú sínú asitóònù, ó fi nu ẹ̀yìn ọ̀kan. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó nu ìkejì, LM324 bá paarẹ́ sára òwú, ara ẹ̀ mọ́ pẹrẹsẹ, wọ́n ti ha orúkọ àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó kun òmíì. Ó jù ú sínú agolo, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ń kà láti àárọ̀ yìí, kò ràn án bí wọ́n bá ta ohun mìíràn fún un. Kódà èyí tó jẹ́ ojúlówó, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀ dáadáa. Ọmọ ìyá kan náà ni LM124, LM224 àti LM324, àwòrán kan náà ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Àmọ́ LM324 kò ṣèlérí ju dígírì 0 dé 70 lọ, LM124 sì ń lọ láti 55 lábẹ́ òdo dé 125. Nínú àpótí tó há, tó wà lábẹ́ páànù lóṣù kẹta, 70 kò jìnnà bí ẹ ṣe rò.

Kí wọ́n tó gbé àwòrán IC lọ fún àwọn tó máa ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà dán an wò ní gbogbo igun tí nǹkan ti lè burú: tíránsísítọ̀ tó lọ́ra pẹ̀lú fóltì tó kéré jù, èyí tó yá pẹ̀lú fóltì tó pọ̀ jù, òtútù 40 lábẹ́ òdo, ìgbóná 125. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà ṣẹ́ kèké lọ́pọ̀ ìgbà, kó máa yí ohun gbogbo padà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n rí iye tó máa kùnà. Àwọn tó ń yan igun wọ̀nyí wà ní Texas, wọ́n wà ní California, ní Jámánì, ní Taiwan. Ibi tí ojú wọn tó ni wọ́n yàn.

Kì í ṣe pé àwa ò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ndubuisi Ekekwe, ọmọ Nàìjíríà, ti bá Analog Devices yìí kan náà ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lawrence Kehinde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá MIT ṣe iLab, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn irú IC bíi 741 gidi láìfọwọ́ kàn án. Láti 2020 ni Google àti SkyWater ti ṣí ìwé ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe IC kan sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ọ̀fẹ́. Ngspice tí wọ́n fi ń dán an wò, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ọmọ tó ń ti Ìgàndò lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní LASU, tí wọ́n gbé ẹ̀ka ẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà yẹn jìn o, lè ya ìbejì tíránsísítọ̀ tiẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní yàrá ẹ̀, bí iná bá wà.

Ohun tí mo máa wò nínú iṣẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àtẹ ìdánwò ẹ̀. Ṣé ó kọ 150 fóltì tó dúró pẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ dòru sí i? Ṣé ó kọ 400 sí i, nítorí ọjọ́ tí néútírà máa já ní Ìdímù? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí fóltì ẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni bá tan àìrọ́ọ̀nù, ṣé ó wà níbẹ̀? Ọyẹ́ oṣù kejìlá tí ìka ọwọ́ lè ta iná sí ẹsẹ̀ IC, ìgbóná abẹ́ páànù lóṣù kẹta? Ẹni tó bá kọ gbogbo ìwọ̀nyẹn sílẹ̀ kó tó ya ìlà kan ṣoṣo, kó fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ní ilé-iṣẹ́ rédíò yìí. Mo fẹ́ ra sìtébíláísà.